Gẹ̀ẹ́sì Tí Gàní Mu

“Àkànlò èdè tí òyìnbó máa sọ tí èmi Gàní ò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọn ò tíì bí òyìnbó tó máa sọ ọ́! Ẹ gbọ́ mi yé o. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ‘wá síbí, lọ sọ́hùn-ún’ ni mò ń wí. Ti abẹ́ aṣọ gan-an ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń bá ara wọn sọ tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn. Mo ti fi í ṣe omi. Mo ti mu ún tán!”

Lábẹ́ àgọ́ àwọn onílántànà, àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ni Gàní ògbufọ̀ ti sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ojú irin ń bọ̀ láti Ọ̀fà tí kò tíì dé Ìlọrin. Àwọn tó ń ha ìlẹ̀kẹ̀ lórí òkúta gbé orí sókè wò ó, wọ́n sì tún tẹrí ba sídìí iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Gàní ti bá àwọn ṣọ́jà gbé ní Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ló ti kó Gẹ̀ẹ́sì wálé, òun ló sì ń gba ẹnu òyìnbó awọnlẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ará ìlú. Òyìnbó náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń gbé e sókè kó tó gbé e sílẹ̀. Lékeléke ni gbogbo Ìlọrin ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ rò pé oyè ni.

“Ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ o,” ni Garba wí. Oníṣòwò ìlẹ̀kẹ̀ ni Garba, ó ti Mẹ́kà dé, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun ti Mẹ́kà dé. “Nígbà tí mo wà ní Mẹ́kà, mo rí àwọn tó gbọ́ èdè ju ìwọ lọ, wọn ò pariwo báyìí.”

“Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?”

“Wọ́n gbọ́ Lárúbáwá.”

“Ṣé ẹ rí i? Ẹ wo òyìnbó mi tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí n túmọ̀ rẹ̀ kó tó pa ẹnu dé.”

Lékeléke ń bọ̀ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, ẹni tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó dúró níwájú Gàní, ó nu ojú, ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó sì kọjá lọ.

“Kí ló wí?” ni gbogbo àgọ́ béèrè.

Gàní fẹ àyà. “Ó ní ẹṣin òun ta korobá nípàá láàárọ̀ yìí.”

“Ìyẹn nìkan ni?”

“Ìyẹn nìkan ni. Ẹṣin oríkunkun ni. Ẹ wá korobá tuntun, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún un, kó mọ̀ pé ọmọlúàbí ni wá.”

Wọ́n wá korobá tó ń dán. Gàní gbé e, Garba tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn tẹ̀ lé Garba. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó òyìnbó, wọ́n bá ẹṣin náà nílẹ̀ lábẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, eṣinṣin ń ṣe ìpàdé lójú rẹ̀. Ẹṣin ti kú. Lékeléke wo korobá, ó wo Gàní, ó wo òkú ẹṣin. Kò rẹ́rìn-ín. Ìbá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn ti délé ṣáájú Gàní. Bó ṣe ń gba iwájú àgọ́ kọjá ni wọ́n ń kí i látinú wá: “Ògbufọ̀, ẹ kú korobá o! Ẹ kú ìgbé korobá!”

Ọjọ́ kejì, Gàní lọ bá òyìnbó rẹ̀, ó fọgbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Inú Lékeléke dùn. Ó jókòó lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún un. Tí àṣírí bá tú, ó ní àwọn a máa sọ pé ológbò ti jáde nínú àpò. Tí ẹni tó ti ń gbéra láti ṣe nǹkan bá bẹ̀rù nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù. Tí àwọn ọ̀tá bá parí ìjà, wọ́n á ní wọ́n ti sin àáké. Ẹni tó bá sì kú, ó ti ta korobá nípàá.

“Ta ló kọ́kọ́ ta á, Ọ̀gá?” ni Gàní béèrè. “Korobá ta ni?”

Lékeléke dìde lórí àpótí. Ó wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tí wọ́n pè láti inú igbó. Ó wá ní òun kò mọ̀. Ó ní bàbá òun kò mọ̀, bàbá bàbá òun náà kò mọ̀. Ní ìlú àwọn, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó mọ ẹni náà.

Ẹ̀rù ba Gàní díẹ̀. Ẹnìkan kú níbìkan, korobá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ikú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìtìjú ẹṣin ṣì ń jó o ju ẹ̀rù lọ. Ìpàdé ńlá ń bọ̀ níwájú ilé Magàjí, olórí àdúgbò, lórí ibi tí ojú irin máa gbà, gbogbo ìlú ló sì máa wà níbẹ̀. Bí Lékeléke bá ju ọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ bọ́ nílẹ̀.

Báwo ni ọmọ Ìlọrin ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sórí kó má bọ́? Ẹni tó lọ ilé kéwú mọ̀ ọ́n: mímu ni wọ́n ń mu ún. Gàní yọ wàláà, pákó ìkọ̀wé rẹ̀ ti ìgbà èwe, jáde lẹ́yìn àpótí, ó po tàdáwà, ó mú kálámù, ó sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ àkànlò èdè òyìnbó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ojú wàláà, bí ìró wọn ṣe rí létí rẹ̀. Ó jẹ́ kó gbẹ. Ó fi omi ṣan án sínú igbá, omi náà dúdú bí ojú kànga. Ó gbé hàǹtú náà, omi tó fi ṣan wàláà, sídìí ògiri ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìyàwó rẹ̀, Asabe, ti ń fọ ìkòkò, ó sì wọlé lọ kírun Alaásárì kó tó mu ún.

Ọmọ ilé Hausa ní Gàmbàrí ni Asabe. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀. Kì í bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, kì í bá a pariwo, bó bá sì ti ṣe nǹkan, ó ti ṣe é tán nìyẹn. Gàní fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tó bá ń parọ́ ní àgọ́, ilé ló ń kánjú lọ kó lè parọ́ náà fún òun náà.

Ó kírun tán, ó jáde, ó gbé igbá, ó ní “Bìsìmìláì”, ó sì dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ó korò! Ó ń rùn bí èéfín, ó ha ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí iyanrìn. Ti ilé kéwú kì í rí báyìí. Ó nu ẹnu, ó ní, “Gẹ̀ẹ́sì le o.”

“Ẹ kú iṣẹ́,” ni Asabe wí, kò sì gbé orí kúrò nídìí ìkòkò.

Ọ̀la ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Gàní jókòó ní àgọ́, Garba ń fi korobá dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, Gàní sì ń wò ó lójú. Lẹ́sẹ̀kan náà ni kíkorò yẹn padà sí ẹnu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ tutù bí òkúta odò. Ó fẹ́ tu itọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀, ohùn kan sì jáde níbẹ̀ tí kì í ṣe ohùn rẹ̀: ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn arúgbó kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹrù. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ.

Àwọn tó ń ha ìlẹ̀kẹ̀ dáwọ́ dúró. Ariwo òkúta tí kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ dákẹ́.

“Ta ló sọ̀rọ̀?” ni Garba béèrè.

“Èmi ni,” ni Gàní wí, ó di ẹnu mú. “Mo ní... mo ní ológbò ti jáde nínú àpò.”

“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

“Àṣírí tú.”

“Àṣírí ta ni?”

Kí Gàní tó dáhùn, oníṣòwò obì kan láti Kánò tó ń wá ibi tó máa sọ ẹrù kalẹ̀ yọrí wọ àgọ́. Ó wo Garba, ó ju ọwọ́ sókè. “Garba! Garba alágbàfọ̀! Ṣé ìwọ nìyí? Ọdún tó o fi ń fọ aṣọ fún wa ní Kánò, a ò rí alágbàfọ̀ bíi tìrẹ mọ́! O kàn dìde lọ́jọ́ kan, o wé láwàní, o ní o ń lọ sílé!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò: àwọn onílántànà, tí wọ́n ń fi òkú ẹṣin rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Garba tó pe Kánò ní Mẹ́kà ń wò wọ́n, wọn kò wo Garba. Ẹnu Gàní ni wọ́n ń wò.

Èkejì ṣẹlẹ̀ níbi yìgì. Bẹ̀llò, ọmọkùnrin tó máa ń gun ẹṣin láìsí gàárì, ló fẹ́ gbé ìyàwó. Gbogbo èèyàn ti jókòó, àáfà ti tún ohùn ṣe, Bẹ̀llò ti na ọwọ́. Gàní jókòó sí ìlà kejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ ìyàwó. Kíkorò dé. Ahọ́n tutù. Ohùn arúgbó yẹn sì rọra wí níwájú gbogbo ìjókòó pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù.

Bẹ̀llò dìde. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó fo ògiri ilé àna rẹ̀, wọn kò sì rí i títí wọ́n fi rí i ní Málétè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ń bá wọn ro oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, á ní, “Kì í ṣe èmi ni mo sá. Gẹ̀ẹ́sì ló tì mí.”

Èkẹta ló ba ìlú lẹ́rù jù. Àwọn obìnrin méjì, Talatu àti Lami, pín ògiri kan, wọ́n sì ti ń jà lórí ògiri náà láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n. Wọ́n ń bú ara wọn láàárọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bọ́jú. Bí wọ́n bá dákẹ́, àwọn aládùúgbò á ránṣẹ́ wò wọ́n bóyá ara wọn kò yá. Gàní ń kọjá, àwọn méjèèjì wà lẹ́nu ìjà, ó bojú wò wọ́n, ohùn sì jáde: wọ́n ti sin àáké.

Talatu dákẹ́ láàárín èébú. Lami sọ igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó sídìí àwo kan, wọ́n ń yọ egungun ẹja fún ara wọn. Àwọn èèyàn dúró lókèèrè ń wò wọ́n. Ìyá àgbà kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Gàní sáré lọ bá olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, Àáfà Abdulmumini, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àáfà náà ń ka tẹ̀súbáà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀kan.

“O fi wàláà tí mo fún ẹ kọ ọ́?”

“Ẹ má bínú, Àáfà.”

“Gàní, àwa ń mu ọ̀rọ̀ tí a mọ Ẹni tó sọ ọ́. Ìwọ mu ọ̀rọ̀ tí o ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Òyìnbó tó ni ín gan-an kò mọ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹni náà ló ń wá ẹnu tó máa gbà.” Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó rántí, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá. “Èwo ló kù nínú rẹ̀?”

Gàní kò lè sọ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ṣe bí ẹni ta nǹkan nípàá.

“Ikú?”

“Ikú, Àáfà.”

“Ẹni tó bá wà lójú rẹ nígbà tó bá jáde ni. Ta lo ń wò jù láyé?”

Ta ni Gàní ń wò jù bí kò ṣe Asabe? Ojú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀, ojú rẹ̀ náà ló ń rí kẹ́yìn kó tó sùn.

“Má sọ fún un,” ni Àáfà wí, ó ṣì kọ ojú sí ògiri. “Ẹ̀rù lè ṣáájú ọ̀rọ̀ náà pa á. Ṣá má wò ó.”

Láti ọjọ́ náà, Gàní ń fẹ̀yìn rìn wọ ilé ara rẹ̀. Ó fi láwàní di ẹnu títí dé imú. Ó kọ ojú sí ògiri jẹun, ó kọ ojú sí ògiri sùn. Ògiri ẹ̀yìn ilé ló fi ṣe ọ̀rẹ́, ó mọ gbogbo lílà ara rẹ̀. Alángbá olórí pupa kan wà tó máa ń mi orí sí i láràárọ̀ lórí ògiri náà. Kò rí i mọ́. Ó wá a títí. Ògiri ṣófo, bí ẹni pé ohun tó ń rìn ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun wá síwájú ojú yẹn.

“Kí ni mo ṣe?” ni Asabe béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

“O ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ wò mí.”

“Mo ń wo ògiri.”

“Ṣé ògiri lẹ wá fẹ́ níyàwó nìyẹn?”

“Asabe, jọ̀ọ́, kúrò níbi tí ojú mi lè dé.”

Ó kúrò. Kò sunkún. Ó gbé àwo, ó lọ fọ̀ ọ́, ìró ìfọ̀ náà sì dun Gàní ju ẹkún lọ.

Àmọ́ ẹnìkan ti fetí kọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé Àáfà, ó sì tàn kálẹ̀ láti ẹnu dé etí, títí dé etí gbogbo èèyàn àfi Asabe. Tí Gàní bá ń lọ lójú ọ̀nà, ọ̀nà á là fún un. Àwọn obìnrin á fi ìborùn bo ojú, àwọn bàbá á kọjú sí ara ògiri bí ẹni fẹ́ tọ̀. Aṣọ nìkan ló ń rí, ẹ̀yìn orí nìkan ló ń rí. Ó ń rìn láàárín ìlú tí kò ní ojú. Bí Asabe bá sì jáde, ìyẹn náà tún yàtọ̀: ojú gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Talatu àti Lami jọ gbé wàrà wá fún un, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Asabe, o ṣèèyàn,” ni Talatu wí.

“O ṣèèyàn gan-an ni,” ni Lami wí. “A ò ní gbàgbé ẹ.”

“Ibo ni mò ń lọ?” ni Asabe béèrè.

Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì jọ sáré jáde.

Asabe jókòó ti wàrà náà, ó rò ó. Ọkọ kò wò ó mọ́. Ó ń di ẹnu, bí ẹni tó ní ohun tí kò fẹ́ sọ. Àwọn obìnrin ń káàánú rẹ̀. Kí ni ọkùnrin ń fi pa mọ́ fún ìyàwó tí gbogbo ìlú á mọ̀ ṣáájú rẹ̀? Ìyàwó mìíràn ni. Ó jẹ wàrà náà tán, ó sì pinnu pé níbi tí gbogbo ìlú bá wà ni òun á ti bi í.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ mú, eruku ọyẹ́ sì bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ rí bí èyí tó gba inú aṣọ àtijọ́ kọjá. Wọ́n ti ṣètò: Gàní yóò jókòó níwájú ilé Magàjí, ojú rẹ̀ sí ògiri, gbogbo ìlú yóò sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Magàjí wà lórí ẹní ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àáfà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Garba wà níbẹ̀, Bẹ̀llò tí wọ́n fi ipá mú wá láti Málétè wà níbẹ̀, Talatu àti Lami di ọwọ́ ara wọn mú.

Lékeléke dé, ó rí ẹ̀yìn ògbufọ̀ rẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Àṣà ìlú wa ni, Ọ̀gá,” ni Gàní sọ fún ògiri. “Tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá pọ̀, a kì í wo ara wa.”

Lékeléke mi orí. Ó jẹ́ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àṣà. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó yí i, òun náà sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: òyìnbó ń sọ̀rọ̀ fún igi, ògbufọ̀ ń túmọ̀ fún ògiri, Magàjí ń dá ẹ̀yìn àwọn méjèèjì lóhùn.

Ó ń lọ dáadáa. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lórí àwọn igi èmì tí wọ́n máa gé. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà àgọ́, ariwo òkúta àwọn onílántànà dá dúró.

Gàní gbọ́ ìdákẹ́ náà. Kíkorò dé sí ẹnu rẹ̀.

“Ó ń bọ̀,” ni ó wí nínú láwàní. “Ẹ̀yin èèyàn, ó ń bọ̀!”

Gbogbo ìlú wólẹ̀. Magàjí fi ẹní bo orí. Garba rá pálá sábẹ́ àpótí òyìnbó. Gàní fi ọwọ́ méjèèjì ki láwàní sẹ́nu, omijé ń dà lójú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń tutù, ó ń tutù sí i, ó tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ògiri nìkan. Kó bá ògiri. Kó bá amọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan gba àlàfo tóóró tó wà láàárín Gàní àti ògiri wọlé, ó sì dúró síbẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání.

Asabe ni.

“Ta ni ìyàwó náà?” ni ó béèrè.

Gàní di ojú. Asabe gbé abọ́ sílẹ̀, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó fa láwàní jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni fa aṣọ lókùn. “Ẹ wò mí kí ẹ sì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín.”

Ó ti pẹ́ tí Gàní ti rí ojú yẹn. Kò mọ̀gbà tí ojú rẹ̀ là. Ó wo ìyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, eruku tó wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, ohùn arúgbó náà sì rọra jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n wá ṣí i fún. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ní Ìlọrin.

Lékeléke yí padà lórí àpótí. Ojú rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní irú ohùn yẹn, òun ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí òun wà ní kékeré, ṣùgbọ́n òun kò rántí ẹni tó ni ín.

“Ìnnà lìllàhì,” ni Àáfà Abdulmumini wí.

Gàní ṣubú sẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ẹkún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Garba yọ orí lábẹ́ àpótí, òun ló sì ń sunkún jù. “Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ ti gbà báyìí? Ẹnu yìí náà ló ba tèmi jẹ́! Mo dé Mẹ́kà! Gẹ̀ẹ́sì ló sọ mí di alágbàfọ̀!”

“Òun náà ló tì mí fo ògiri!” ni Bẹ̀llò kígbe. “Ṣé ẹni bí èmi máa ń bẹ̀rù obìnrin?”

Talatu wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú ti Lami. “Nítorí náà, kì í ṣe pé mo dárí jì ẹ́ o.”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́?” ni Lami wí. “Èmi náà, wọ́n fi sí mi lára ni.”

Asabe dúró láàárín wọn. Ó wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó wo gbogbo ìlú tó ń sunkún òun, ó yíjú sí Àáfà. “Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?”

Àáfà sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti wàláà, ó sọ ọ̀rọ̀ hàǹtú, ó sọ ti ológbò, ti ẹsẹ̀ tútù, ti àáké. Nígbà tó kan korobá, ó yí ojú sí ògiri sọ ọ́. Gàní dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó dárí ji òun kó tó lọ. Gbogbo ìlú ń dúró kí Asabe ṣubú.

Asabe rò ó díẹ̀.

“Hàǹtú inú igbá,” ni ó wí, “èyí tí ẹ gbé sídìí ògiri tí ẹ fi wọlé lọ kírun?”

“Òun ni,” ni Gàní wí látilẹ̀.

“Alángbá já sínú ìyẹn, ó kú. Mo dà á nù. Omi tí mo fi ha ìdí ìkòkò, tí mo dà sínú igbá náà, lẹ mu.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀. “Ẹ dìde, ẹ wá jẹun.”